Àgbà Ló Kọ́kọ́ Mú Nínú Kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló jọ ń lò ó. Ọjọ́ tí wọ́n rà á ni ẹ̀gbọ́n, Bọ̀dá Mo-ti-mọ̀, ti pín dísìkì rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹrù ń gbé, sí méjì. Bí wọ́n ṣe ń pín ẹran ló ṣe pín in: àgbà ló kọ́kọ́ mú, ó sì mú èyí tó tóbi jù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń bá ilé ìtẹ̀wé tẹ ìwé, ló jókòó síwájú ẹ̀rọ báyìí, ó káwọ́ lérí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá dé kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì lónìí, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé e fún.

Àbúrò: Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ fi pamọ́, ó ní kò sáyè mọ́.

Bọ̀dá: Irọ́ ló ń pa. Àyè ò lè tán, èmi ni mo pín in.

Àbúrò: Tèmi ló tán. Tiyín ṣófo.

Bọ̀dá: Ta ló ní tèmi ṣófo? Àwòrán mi wà níbẹ̀.

Àbúrò: Ẹyọ kan!

Bọ̀dá: Ẹyọ kan ni, àmọ́ mo dúró dáadáa nínú ẹ̀.

Àbúrò: Ẹ jẹ́ ká gé díẹ̀ lára tiyín kún tèmi.

Bọ̀dá: (Ó ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè.) Gé kẹ̀? Kí èmi àti ìwọ wá di ọgbọọgba? Bí àlejò bá ṣí kọ̀ǹpútà yìí, báwo ló ṣe máa mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n?

Àbúrò: Àlejò wo ló ń tú inú kọ̀ǹpútà onílé? Bọ̀dá mi, àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn...

Bọ̀dá: Dúró ńbẹ̀! Ta ló jẹ ẹ́? Mo kàn gbé e kalẹ̀ ni.

Àbúrò: Ó dáa, ẹ má gé e. Ẹ ṣáà bá mi ṣí ìpín tiyín tí ẹ tì pa yẹn, kí iṣẹ́ mi wọ̀ sọ́dọ̀ yín títí dìrọ̀lẹ́.

Bọ̀dá: Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí á ní òun fẹ́ wọ̀, lọ́la á ní ilé bàbá òun ni.

(Omi lé sójú àbúrò.)

Àbúrò: Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí o, Bọ̀dá. Àyà mi ń já.

Bọ̀dá: Má sunkún. Kí la bí ẹ̀gbọ́n fún? Dìde lórí àga. (Ó jókòó, ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún.) Ẹ̀n-ẹ́n! Wo ìpín kẹta kan tó lúgọ síbí. Ó kéré, kò lórúkọ. Èmi ò pín nǹkan kan fún eléyìí o!

Àbúrò: Ẹ má fọwọ́ kàn án! Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà láràárọ̀.

Bọ̀dá: Èyí tó kéré tó báyìí? Òun ló ń jí ẹni tó jù ú lọ? Àrífín gbáà!

Àbúrò: Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà ń béèrè bóyá ó dá yín lójú pé kó pa á rẹ́.

Bọ̀dá: Ìgbà wo ni nǹkan ò dá mi lójú rí? (Ó tẹ̀ ẹ́.) Ó parí. Mo ti pa á rẹ́, mo ti fi àyè ẹ̀ kún tìẹ. Jẹ́ n pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn.

(Ó pa á. Ó tàn án. Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri, àfi ìlà funfun kan.)

Bọ̀dá: Kí ló wí?

Àbúrò: Ó ní òun ò rí nǹkan tóun máa fi bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá: Ọ̀lẹ ni. Kó fi ohun tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò: Yéè! Mo gbé o!

(Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó lọ mú súkúrúdíráfà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀yìn àpótí kọ̀ǹpútà.)

Bọ̀dá: Kí lò ń tú? Ṣé o mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀?

Àbúrò: Iṣẹ́ mi ló wà nínú ẹ̀. Èyí tó ń jí i nìkan lẹ pa, iṣẹ́ mi ò kú. Màá lọ fi dísìkì yìí sínú kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé, màá tún ojú ìwé tó kù tẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn.

(Ó yọ dísìkì, ó jù ú sínú báàgì, ó kọrí sọ́nà.)

Bọ̀dá: O ń gbé e lọ? Pẹ̀lú ìpín tèmi? Èmi wá ńkọ́?

Àbúrò: (lẹ́nu ọ̀nà) Àpótí ẹ̀ ló kù sílẹ̀ yẹn, Bọ̀dá mi. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Gbogbo àyè ibẹ̀, tiyín ni.