Ẹ̀yìn Lásúnkànmí Tí Kì Í Tẹ̀

Láyé ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń gba Àkúrẹ́ lọ kó tó padà wálé, bí ẹ bá dé ilé kòkó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Arámọkọ, kí ẹ tó rí kòkó, ẹ ó ti rí Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Á nà ró bí òpó iná, á gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń wo ibi tí òjò ti ń ṣú bọ̀. Akọ̀wé àgbà ni. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́.

"Èmi ni akọ̀wé àgbà," ni yóò wí fún àgbẹ̀ tó ru àpò kòkó dé. "Sọ ẹrù ẹ kalẹ̀ ná, kí o lè ráyè kí mi dáadáa."

Èmi Ìbíjọkẹ́, tí mo ń tẹ táípù nínú ọ́fíìsì náà, ni mo ń kì í láràárọ̀. "Lásúnkànmí Àdúró-má-tẹ̀, ọ̀pẹ tí ìjì ń bẹ̀, igi gogoro tí ẹyẹ kò lè bà lé láìtọrọ àyè." Inú rẹ̀ á dùn ṣìnkìn. Á ní, "Ìbíjọ, ìwọ nìkan lo mọ èèyàn í yẹ́ sí níbí." Kò mọ̀ pé ìdajì oríkì náà, èébú ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ọ́fíìsì tí kò ní irú rẹ̀, oorun ni wọn ń sùn níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó máa nà ró ni ẹ rò? Ẹ̀yìn ni. Ó ní làkúrègbé ti gun òun lẹ́yìn, pé eegun ẹ̀yìn òun ti gan bí igi òṣè. Ó ní oògùn òyìnbó kò ràn án, àfi kí òun máa lọ rì í sínú omi gbígbóná Ìkógòsì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá wa ní Àkúrẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Matthew Ajíbádé, jẹ́ aláàánú èèyàn. Làkúrègbé ló ti da ìyá tirẹ̀ náà láàmú. Ó ní, "Ẹ máa lọ, Lásúnkànmí. Ìlera lọ́rọ̀."

Bí ọkùnrin yìí ṣe gba Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Àṣé adùn tó kù níwájú ju èyí tó rí lọ. Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ọkùnrin tí kò bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, wọn á bi í pé ta ló bí i. Ṣùgbọ́n aláìsàn ńkọ́? Bí Lásúnkànmí bá ti pàdé àgbà, á gbé ọwọ́ kan sí ìbàdí, á fi èkejì kan fìlà, á ní, "Ẹ̀yìn yìí ni, bàbá." Àgbà náà á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀." Níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbogbo ọkùnrin ìdílé ló sùn gbalaja fún àwọn àna. Òun nìkan ló dúró láàrin wọn bí ọlọ́pàá tó wá ka òkú. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi gbàgbé láti ṣe ojú ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

Òṣìṣẹ́ wa kan wà, Sàfúrátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Símíátù. Ìwó ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá tẹ̀dó sí Arámọkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jókòó sórí àpótí kékeré, kí ó máa bẹ̀rẹ̀ ṣa kòkó tó ti bu kúrò lára èyí tó dára. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn ẹnu lásán. Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ wà ní Ìjerò, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló sì ń rí àwọn alátọ̀gbẹ. Ẹni tó bá máa wá, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni kó máa wá.

Ìyá Símíátù wá kúnlẹ̀ níwájú tábìlì akọ̀wé àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ̀ǹda Ọjọ́bọ̀, kí n máa lọ sí ọsibítù."

"Yan ọjọ́ mìíràn."

"Dókítà ló yan ọjọ́, sà. Kì í ṣe èmi."

"Kí dókítà náà yan òmíràn. Ọjọ́bọ̀ ti ní ẹni tó ni ín. Èèyàn méjì ò lè ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà nínú ọ́fíìsì kan."

"Sà, egbò ẹsẹ̀ mi—"

"Ẹsẹ̀ lo fi ń ṣa kòkó ni? Wò ó, aláìsàn gidi là ń yọ̀ǹda fún. Ṣúgà kì í ṣàìsàn. Àwọn èèyàn ń fowó ra ṣúgà lọ́jà, Ọlọ́run fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, o tún ń sunkún."

Ìyá Símíátù dìde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ìbíjọ, dókítà ní bí n kò bá tún wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí n má bá òun wí bí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ yìí di gígé." Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí ata wà lọ́jà. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí.

Ohun tí Lásúnkànmí kò mọ̀ ni pé mo ti mọ irú omi tó ń wẹ̀. Nígbà tí mo gba ìsinmi, mo lọ kí àǹtí mi, Àtinúkẹ́, ní Ìgbó-Àrọ̀, ìlú kékeré kan tó fara pamọ́ sáàrin àwọn òkè lọ́nà Ẹ̀fọ̀n. Ìlú Lásúnkànmí gan-an ni. Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ń kọjá níwájú ààfin Ọlọ́jà, ọba ìlú náà, ni mo rí ọkùnrin kan tó sùn gbalaja nínú eruku. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó fò dìde bí ológìnní. Ìjòyè míì dé, ó tún sùn. Mo fọwọ́ nu ojú mi. Òpó iná Arámọkọ ni, ó ń yí bí àgbá tí wọ́n jù sílẹ̀.

"Àǹtí mi, ta nìyẹn?"

"Ìyẹn? Ó fẹ́ jẹ Ọ̀dọ̀fin ni. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ìjòyè ń jókòó, kì í pa ọ̀kan jẹ. Ọmọ náà mọ ìdọ̀bálẹ̀ o. Bó bá rí òbúkọ tó nírùngbọ̀n, á kí i."

Mo sọ fún Ìyá Símíátù. Ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́? Bó bá gbọ́, iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ mi náà á lọ." Òótọ́ ló sọ. Mo panu mọ́, àmọ́ ẹ̀rín ń gbọ̀n mí nínú.

Ìgbà tí a fẹ́ ṣí ìwọ̀n kòkó ọdún náà ni Ọlọ́run gbọ́ tiwa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó ku ọjọ́ méjì kí Ọjọ́bọ̀ tí dókítà dá fún Ìyá Símíátù pé. Gbogbo àgbẹ̀ tó wà lágbègbè ló pé jọ. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé wá láti Àkúrẹ́. A ti to àga, a ti gbé òṣùwọ̀n sójúde, ni mọ́tò Píjò kan bá yà wọlé. Ọlọ́jà Ìgbó-Àrọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó ní àgbẹ̀ kòkó ni òun náà, pé ọdún yìí òun fẹ́ fojú ara òun rí bí wọ́n ṣe ń wọn tòun.

Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Ọlọ́jà jókòó. Ó wò yíká, ó ní, "Lásúnkànmí tiwa ńkọ́? Ṣebí ibí ló ti ń ṣiṣẹ́."

Lásúnkànmí ti di àwátì. Mo wá a lọ sínú ilé ìkẹ́rù. Ó dúró sẹ́yìn àpò kòkó, òógùn bò ó.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń ka àpò."

"Nínú òkùnkùn?"

"Ìbíjọ, ọmọ dáadáa, sọ fún wọn pé ẹ̀yìn mi ti bẹ̀rẹ̀. Sọ pé mo ti lọ sílé."

"Lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Mo rò pé ẹ̀yìn yẹn mọ Ọjọ́bọ̀ ni."

Ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bó bá dúró gbọnrangandan níwájú Ọlọ́jà, oyè lọ. Bó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀gá Àkúrẹ́, Ọjọ́bọ̀ lọ. Oyè àti Ọjọ́bọ̀, méjèèjì ló ń wù ú.

"Kò burú," ni mo wí, mo yíjú padà. "N ó sọ fún Kábíyèsí pé ẹ ti lọ. Ó kàn ṣe mí láàánú ni, nítorí ọ̀rọ̀ Ọ̀dọ̀fin tí mo gbọ́."

"Ọ̀dọ̀fin báwo?"

"Mi ò mọ̀ o. Mo ṣáà gbọ́ Ọ̀dọ̀fin, mo tún gbọ́ orúkọ yín."

Ẹ má pè é ní irọ́. Ọlọ́jà dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀dọ̀fin nìkan ni mo fi lé e, bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ó jáde. Ó na fìlà, ó fi ọwọ́ kan sí ìbàdí kí ọ̀gá Àkúrẹ́ lè rí i, ó wá kan fìlà fún Ọlọ́jà pẹ̀lú èkejì. Ó rò pé òun ti rí ọ̀nà gbà.

Ojú Ọlọ́jà korò. "Lásúnkànmí, ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mo dà lónìí?"

Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tó tẹ̀lé e ní, "Irú eléyìí ló fẹ́ jókòó ti Kábíyèsí?"

Kí ọpọlọ Lásúnkànmí tó ro ohun tó kàn, ara rẹ̀ ti ṣe tirẹ̀. Gbì. Ó ti sùn gbalaja nínú eruku kòkó. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, aṣọ funfun rẹ̀ di aṣọ ọdẹ. Ó sì fò dìde láìfọwọ́ kan ilẹ̀.

Ọ̀gá Àkúrẹ́ na ọrùn síwájú.

"Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí," ni ọ̀gá Àkúrẹ́ wí.

"Sà."

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn wo?" Ọlọ́jà ló dáhùn. "Ẹ̀yìn tó ń fi yí ní ojúde mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀? Kò sí ẹ̀yìn tó le tó o ní gbogbo Èkìtì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún olorì. Lọ́jọ́ kan, mo ti dìde lọ sínú yàrá, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún àga mi."

"Ọjọ́bọ̀? Ọjọ́bọ̀ tó ní òun ń lọ wẹ̀ ní Ìkógòsì?"

"Ìkógòsì kẹ̀? Ulé mi ló ń wà. Uṣu mi ló ń jẹ. Bó bá wẹ nǹkan kan, ọwọ́ ni, lẹ́yìn iyán."

Àwọn àgbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan jókòó sórí àpò kí ẹ̀rín má bàa gbé wọn ṣubú. Lásúnkànmí gbọn eruku nù, ó wá ọ̀rọ̀ sọ.

"Sà, iṣẹ́ ìyanu ni. Ojú yín ló ṣe. Bí mo ṣe rí Kábíyèsí báyìí ni ẹ̀yìn náà sàn."

"Ó sàn?"

"Pátápátá, sà."

"Kò ní padà?"

"Láéláé, sà. Mo fi ìyá mi búra."

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé bọ́ awò ojú rẹ̀. "A dúpẹ́. Bí ẹ̀yìn bá ti sàn, Ọjọ́bọ̀ kò ní ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ yín mọ́ nìyẹn."

Lásúnkànmí la ẹnu láti ṣàròyé. Ibi tí ẹnu rẹ̀ ṣì là sí ni Ìyá Símíátù ti dìde lórí àpótí rẹ̀. Ó ń tiro bọ̀ níwájú, aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Ó kúnlẹ̀.

"Sà, bí Ọjọ́bọ̀ yẹn bá ti ṣófo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi."

Ó ṣàlàyé: ìtọ̀ ṣúgà, Ìjerò, ohun tí dókítà sọ nípa ẹsẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ta wá ni kò jẹ́ kí o máa lọ látọjọ́ yìí?"

Ìyá Símíátù wo ilẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ wo Lásúnkànmí.

"Dìde, ìyá," ni ọ̀gá Àkúrẹ́ wí. "Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni, títí dókítà fúnra rẹ̀ yóò fi ní ó tó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣa kòkó?"

Màmá Adéfúnkẹ́, àgbà àgbẹ̀ láti ìlú Ara, kò jẹ́ kó pẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kékeré náà lọ síwájú akọ̀wé àgbà. "Ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sàn, iṣẹ́ ló ń fẹ́. Kí o má jẹ́ kó tún gan."

Ọ̀gá Àkúrẹ́ mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ màmá tọ̀nà.

Lásúnkànmí sún mọ́ Ọlọ́jà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ Ọ̀dọ̀fin yẹn ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀fin la máa ń rán lọ sí Àkúrẹ́ kó lọ sọ òótọ́ ìlú," ni Ọlọ́jà wí, kò rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ rárá. "Ìwọ, Àkúrẹ́ ti gbọ́ tìrẹ."

Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, Ìyá Símíátù wọ mọ́tò Ìjerò láàárọ̀. Akọ̀wé àgbà jókòó sórí àpótí, ó ká kò bí ìgbín, ó ń ṣa kòkó tó bu. Àwọn àgbẹ̀ tí kò ní kòkó láti tà wá kí i. Mo fún un ní omi mu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èmi náà láàánú.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Símíátù padà dé. Wọ́n ti fọ egbò rẹ̀, wọ́n ti di í tuntun. Ó ní dókítà sọ pé ó bọ́ sákòókò, pé ẹsẹ̀ náà yóò gbọ́ oògùn. Lásúnkànmí fẹ́ dìde kí i. Ó dé ìdajì, kò lè nà, ó dì mọ́ ìbàdí, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìdíbọ́n níbẹ̀.

"Ìyá Símíátù," ó ní, "dókítà yín yẹn, ṣé ó ń wo ẹ̀yìn?"

"Ó ń wò ó, sà," ni Ìyá Símíátù fèsì. "Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ ni."