Omi Màámi ní Pápá Bàálù

Ọjọ́ tí mo da omi sẹ́sẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ní pápá bàálù Kùtọnu, ọjọ́ náà ò lè tán lọ́kàn mi láéláé.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n, ló ń ti Bràsíl bọ̀ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Màámi ti darúgbó. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé ikú lè dé kí ọmọ àwọn tó dé. Nílé wa ní Ìfọ̀nyìn, ẹni tó bá ti ìrìn àjò jíjìn bọ̀, omi tútù la máa ń dà sílẹ̀ fún un kó tó wọlé. Màámi ní kí n pọn omi kànga wa kún ìgò kan. "Ibi tó bá ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa ni kí o ti dà á. Má jẹ̀ẹ́ kó kọjá rẹ o."

Èmi mọ̀ọ́tán, mo tún gbé báàgì àtijọ́ kan dání. Nígbà tó ń lọ, ilé iṣẹ́ bàálù àwọn ará Bràsíl tó ń wá sí Èkó nígbà yẹn ló fún un ní báàgì náà, ó sì fi í sílẹ̀ fún mi. Àwòrán ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan wà lára rẹ̀. Ní tiwa, ọkọ̀ tó bá gbé wa lọ sí ọjà Ìgolo láàárọ̀ náà ló ń gbé wa bọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ṣáà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni bàálù rí, pé ẹlẹ́yẹ tó gbé e lọ náà ló máa gbé e bọ̀.

Nígbà tí èrò ń jáde, mi ò wojú ẹnikẹ́ni. Bàálù ẹlẹ́yẹ ni mò ń wá lójú ọ̀run. Bàbá apárí kan tó sanra fi ẹrù gbá mi, ó fi Faransé tọrọ àforíjì, ó ní, "Pàdọ́ọ̀n." Mo ní kó rọra, pé èèyàn ni mo wá pàdé. Ó kọjá lọ.

Kò pẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ìrìn àbúrò mi lọ́jọ́ tó ń lọ gẹ́lẹ́ ni ìrìn rẹ̀. Mo gbàgbé bàálù, mo gbàgbé pé ọdún ti gorí ọdún. Mo sáré da gbogbo omi náà sí ẹsẹ̀ rẹ̀: "Àbúrò mi, káàbọ̀, ilé á tù ọ́ lára." Bàtà rẹ̀ tó ń dán rin gbingbin. Ó wo bàtà, ó wò mí. "Àmín, Ìyá," ló wí. "Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí. Ẹnì kankan ò wá pàdé mi rí." Ìborùn mi ni mo fi nu bàtà rẹ̀.

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Màámi ni. "Àbúrò rẹ ti wọ takisí délé o. Omi mi dà?"

Nígbà tí mo padà délé, orí bẹ́ńṣì níta ni mo bá àbúrò mi. Màámi jókòó sínú ilé, wọ́n na ọwọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àṣé apárí oní-pàdọ́ọ̀n ọjọ́sí pápá bàálù ni! Ọmọ tí mo pọ̀n, èmi náà ni mo lé e lọ.

"Àǹtí mi, èmi náà ò mọ̀ yín," ló wí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó gba báàgì náà, ó ń fọwọ́ pa ẹyẹ ara rẹ̀. "Bàálù yìí ni Bràsíl ń fi yangàn tẹ́lẹ̀. Gbèsè ló pa ilé iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ mìíràn rà á, wọ́n sì kun ẹyẹ rẹ̀ pa. Àwọn ọmọ mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Mo jẹ́wọ́ pé omi ti tán. Màámi tọ́ka sí ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: omi kànga kan náà ló kún inú rẹ̀.

"Màámi, ẹ sì fi àbúrò mi sílẹ̀ níta láti ìgbà yìí?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jọ wọlé." Wọ́n bu omi, wọ́n dà á síwájú ẹsẹ̀ wa.

Ẹ̀kọ́ mi ò pọ̀: ẹni tó bá lọ pàdé èèyàn, kó wojú èèyàn. Mo ṣì máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ṣábẹ̀ yẹn náà, níbi yòówù kó wà, kí ilé tù ú lára. Omi Màámi ló gbà.