Òróró Wòlímọ̀ àti Ẹ̀rọ Tíṣà

Ọ̀sán ti ń rọ̀ ní Bẹẹrẹ. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà Adégòkè, ẹ̀rọ funfun kan tó rí bí agbada onígun mẹ́rin wà lórí tábìlì, Tíṣà sì dúró tì í bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu Tíṣà. Kúbúrá alákàrà, ìyá Ọlámilékan, aládùúgbò rẹ̀, ló wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òróró dání, ojú rẹ̀ pọ́n.

KÚBÚRÁ: Tíṣà, ẹ gbà mí. Ọ̀la ni wòlímọ̀ Hikmat, ọmọ ọmọ mi. Èmi ni mo máa dín àkàrà fún gbogbo agboolé, ewúrẹ́ sì ti da òróró mi nù.

TÍṢÀ: Òróró ló wà lọ́wọ́ yín yẹn.

KÚBÚRÁ: Òróró lásán nìyí. Èyí tó dà nù, láti oṣù tó kọjá ni mo ti rẹ atalẹ̀, àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ sínú ẹ̀, tí mò ń sá a sóòrùn. Òun ló ń mú àkàrà mi yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Alhája Kúlúsúmù, ti ń sọ ọ́ kiri pé ọwọ́ mi ti ń yẹ̀. Bí àkàrà òróró lásán bá kan ẹnu wọn lọ́la, orúkọ mi ti bàjẹ́ nílé ọkọ nìyẹn. Ewúrẹ́ ọ̀hún gan-an, tiwọn ni.

TÍṢÀ: Ẹ fọkàn balẹ̀. Daniel ọmọ mi ló fi eléyìí ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ohun tí oòrùn ń fi odindi oṣù ṣe, wákàtí kan ló máa fi ṣe é. Ìró ló ń lò. Ìró náà á máa gbọn òróró jìgìjìgì, adùn atalẹ̀ á sì wọ inú ẹ̀.

KÚBÚRÁ: Ìró báwo? Mi ò fẹ́ kí Alhája gbọ́ o. Ilé wa ò jìnnà.

TÍṢÀ: Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ. Ìró náà ga ju etí ọmọ ènìyàn lọ.

KÚBÚRÁ: Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ó ń ró?

TÍṢÀ: Ìwé inú páálí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kúbúrá wo ẹ̀rọ náà láti ìsàlẹ̀ dókè.

KÚBÚRÁ: Kí ni Daniel ń fi tiẹ̀ ṣe lọ́hùn-ún?

TÍṢÀ: Ó máa ń fi èèpo ọsàn sínú nǹkan.

KÚBÚRÁ: Inú kí ni?

TÍṢÀ: Nǹkan olómi.

KÚBÚRÁ: Tíṣà.

TÍṢÀ: Ọtí ni. Àmọ́ tiẹ̀ nìyẹn. Eléyìí ò tíì fojú kan ọtí rí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí ni.

KÚBÚRÁ: Àkàrà wòlímọ̀ là ń sọ yìí o. Ẹ búra.

TÍṢÀ: Ìyá Ọlámilékan, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí. Bí wọ́n bá bá mi nídìí ọtí, èmi náà gbé.

KÚBÚRÁ: Ẹ̀yin lẹ ṣáà bí Daniel.

Tíṣà búra. Síbẹ̀, Kúbúrá fi omi ṣan inú ẹ̀rọ náà dáadáa, ó ń ṣe bísímílà bó ṣe ń ṣàn án, ó sì nù ún gbẹ kó tó da òróró àti èròjà sí i. Tíṣà tẹ bọ́tìnnì. Kúbúrá yọ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ pátápátá.

TÍṢÀ: Kí nìyẹn fún?

KÚBÚRÁ: A kì í ṣí òróró ìnáwó sílẹ̀ fún ojú.

TÍṢÀ: Ojú ta ni? Àwa méjì péré la wà níbí.

KÚBÚRÁ: Tèmi ò ṣe nǹkan.

Wọ́n jókòó. Wọ́n dẹtí sílẹ̀.

KÚBÚRÁ: Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

TÍṢÀ: Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

KÚBÚRÁ: Mi ò tún gbọ́ nǹkan kan.

TÍṢÀ: Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Tíṣà wá kó sẹ́nu àlàyé. Ó ní ìró ń bí ìfóòfó kéékèèké nínú òróró, pé bí ìfóòfó náà bá ṣe ń bẹ́ ló ń fọ́ ara atalẹ̀, tí òórùn tó ti sá pamọ́ síbẹ̀ látọjọ́ yìí á sì jáde wá. Ó ṣàpèjúwe àlùbọ́sà títí, kò gbàgbé ata. Kúbúrá ń mi orí, ó ń gbé itọ́ mì. Nígbà tí wákàtí pé, Tíṣà ki ṣíbí bọ abẹ́ ìborùn, ó tọ́ òróró wò, ó dijú.

TÍṢÀ: Atalẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi. Àlùbọ́sà tẹ̀ lé e. Ata dúró lẹ́yìn, ó ń retí ìgbà tí a máa pè é.

Kúbúrá náà tọ́ ọ wò. Omi lé ròrò sí i lójú.

KÚBÚRÁ: Tíṣà, òun gan-an nìyí. Ó tiẹ̀ ju tèmi lọ. Alhája á jẹ, wọ́n á tún fi pamọ́ sínú báàgì. Ọlọ́run á bá mi ṣe é fún Daniel.

TÍṢÀ: Ìró ni, ìyá. Ìró ni.

Ibẹ̀ ni ariwo ti sọ nígboro. Láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, gbogbo ọmọdé ń hó pé iná ti dé. Fáànù òkè àjà, tí ẹnì kankan nínú wọn ò rántí wò láti ọ̀sán, bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Abẹ́ ìborùn tàn yòò, ẹ̀rọ sì ń kùn bí agbo ẹ̀fọn.

KÚBÚRÁ: Tíṣà, kí ló ń kùn yẹn?

TÍṢÀ: Ìró tí etí ò lè gbọ́ ni.

KÚBÚRÁ: Mò ń gbọ́ ọ.

TÍṢÀ: Èmi náà ń gbọ́ ọ.

KÚBÚRÁ: Gbogbo wákàtí tó kọjá yẹn ńkọ́?

Tíṣà ní ìyẹn ò burú, pé ó ti wá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kò tíì sọ ọ́ tán tí wọ́n tún fi mú iná lọ. Fáànù rọra dúró. Ẹ̀rọ dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ Tíṣà sì rèé, ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Mólété.

TÍṢÀ: Ẹ má bínú, ìyá. Ojú ń tì mí. Òróró lásán la tọ́ wò.

Kúbúrá tún tọ́ ọ wò. Òróró lásán ni lóòótọ́. Ó ká ìborùn rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó gbé e kọ́ èjìká.

KÚBÚRÁ: Tíṣà, ṣé ẹ ní agbádá tó mọ́ nílé?

TÍṢÀ: Mo ní. Kí la fẹ́ fi ṣe?

KÚBÚRÁ: Òróró lásán yìí kan náà ló dùn títí omijé fi bọ́ lójú mi, ẹ̀rọ yín ò sì mọ̀ sí i. Ẹ̀gbẹ́ Alhája Kúlúsúmù lẹ máa jókòó sí lọ́la. Bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé fún mi yẹn gẹ́lẹ́, ẹ ṣàlàyé fún wọn kí àkàrà tó kan ẹnu wọn.