Apá Aṣọ Ládẹ́jọbí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé, "Bó ti wù kí a ká apá aṣọ tó, kì í báni kọ ebè"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń fi bá ọmọ yín wí ni. Ó dáa, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ọ lọ́nà tó yàtọ̀ sí tèmi, kó dákẹ́, torí tèmi ló péye.

Télọ̀ kan wà nílùú Ayégbàmí tó ń jẹ́ Ládẹ́jọbí. Ó mọ aṣọ rán, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ọkọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọdún náà ṣe gudugudu méje. Òun ló wá lọ fẹ́ràn Adúnọlá, ọmọ Bàbá Ṣówándé, àgbẹ̀ paraku. Ẹ sì mọ àṣà wa: ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ àgbẹ̀, yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Bàbá Ṣówándé là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Ẹgbẹ̀rún ebè, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí oòrùn bá wọ̀ tí kò pé, máa lọ rán aṣọ rẹ, kí n fún ẹlòmíràn lọ́mọ."

Ládẹ́jọbí ò lè jẹun mọ́. Lásìkò yẹn, òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ wa tó wá láti ilẹ̀ Nọ́wè, tó ń bá wa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Torbjørn lorúkọ rẹ̀, àwa ń pè é ní Tóbíọ̀n, ó sì gbọ́ Yorùbá dé ìwọ̀n. Ládẹ́jọbí lọ bi í pé kí ni àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń ṣe tí iṣẹ́ ńlá bá dojú kọ wọ́n.

"A máa ń sọ pé *brett opp ermene*," ni Tóbíọ̀n wí. "Ká apá aṣọ rẹ sókè."

"Tẹ́ ẹ bá ti ká a, iṣẹ́ á ṣe é ṣe?"

"Á ṣe é ṣe dáadáa."

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni télọ̀ fi kọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń wí i nídìí máṣíìnì, ó ń wí i nínú balùwẹ̀, "bírẹ́tọ́pù ẹ́mẹnẹ, bírẹ́tọ́pù ẹ́mẹnẹ," títí ìyá rẹ̀ fi lọ bi pásítọ̀ léèrè bóyá ọmọ òun ti ń fèdè fọ̀.

Ìṣòro kan ló wà. Aṣọ gbérí la máa ń wọ̀ roko nílùú wa, gbérí ò sì lápá. Ládẹ́jọbí ní ìyẹn gan-an ló ń dà wá láàmú láti ayébáyé. Ó bá rán aṣọ alápá fún ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá. Múdà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, wọ tirẹ̀ wò, ó ká apá rẹ̀ ní ìṣẹ́po mẹ́ta, ó dé igunpá.

"Ìṣẹ́po mẹ́ta péré?" ni Múdà wí. "Ẹgbẹ̀rún ebè mà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ládẹ́jọbí lára. Ó tú gbogbo apá aṣọ náà, ó sì rán òmíràn sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ọ̀pá mẹ́ta.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé, àwọn mọ́kànlá yọ lóko, apá aṣọ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀pá mẹ́ta kì í ṣe ohun téèyàn ń dá ká. Méjì-méjì ni wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, bí ẹni ń ká ẹní. Ìgbà tí wọ́n máa fi ká ti ẹni kọkànlá tán, oòrùn ti wà ní àtàrí. Apá wọn wú bí ìrọ̀rí, igunpá ò ṣe é ṣẹ́, ẹni tó gbé ọkọ́ sókè ò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá Adúnọlá, tó ti gbé odó síta lẹ́bàá ahéré oko láti gún iyán fún wọn, wò wọ́n títí, ó sì dojú odó dé.

Ebè méje ni wọ́n rí kọ. Lórí ìkẹjọ, apá aṣọ Múdà tú, ó kọ́ ọkọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onítọ̀hún fà á, ọkùnrin mẹ́rin sì ṣubú lé ara wọn. Ládẹ́jọbí ò wẹ̀yìn. Ó tẹ̀ mọ́ ebè tirẹ̀, ó ń wa erùpẹ̀ jọ, kò mọ̀ pé apá aṣọ òun méjèèjì ti tú sílẹ̀, pé orí wọn lòun ń kọ ebè lé. Ó fẹ́ nàró báyìí, ilẹ̀ fà á padà, ó dojú bolẹ̀ gbalaja.

Ẹsẹ̀ Bàbá Ṣówándé ló kọ́kọ́ rí.

"Ládẹ́jọbí, kí lò ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń kí yín ni, Bàbá. Ẹ káàsán, sà."

"Mo gbọ́. Dìde."

Ládẹ́jọbí mira, kò ṣe é ṣe. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kí yín díẹ̀ sí i."

"Mo ní kó o dìde."

"Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín ni ò jẹ́ kí n lè dìde, sà."

Bàbá wo oòrùn, ó wo ebè méje àtààbọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Omijé bọ́ lójú télọ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ yẹn tọkàntọkàn, n ò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibẹ̀ ni Tóbíọ̀n dé láti ìdí kànga, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wọ̀.

"Ta ló ní kí ẹ wọ irú aṣọ yìí nínú oòrùn?"

"Ìwọ ni," ni Múdà dá a lóhùn láti abẹ́ èèyàn mẹ́ta.

Tóbíọ̀n di orí mú. "Òtútù ló jẹ́ ká lápá aṣọ nílùú tiwa. Ìṣẹ́jú kan la fi ń ká a. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ló kù."

Adúnọlá, tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nídìí odó, jáde wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, oòrùn ò kúkú tíì wọ̀." Ó ki ọwọ́ bọ àpò Ládẹ́jọbí, torí ó mọ̀ pé télọ̀ kì í rìn láìmú àlùmọ́gàjí dání. "Bùọ̀dá, ẹ má mira." Ó gé apá aṣọ kan, ó gé ìkejì, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Bí wọ́n ṣe di ọkọ́ mú nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sọ èdè Nọ́wè mọ́, wọn ò tilẹ̀ sọ Yorùbá. Tóbíọ̀n náà mú ààlà tirẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Ládẹ́jọbí bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sọ ọkọ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ ìró odó láti ẹ̀bá ahéré. Oòrùn ku díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tí Bàbá Ṣówándé ka ebè tó kẹ́yìn. Ebè náà wọ́, ṣùgbọ́n òun ló pé ẹgbẹ̀rún.

Bàbá fa ọwọ́ Adúnọlá lé Ládẹ́jọbí lọ́wọ́.

"Ọkọ ọmọ mi," ló wí, "tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè bí o ṣe rí ìyàwó fẹ́, sọ fún wọn pé bó ti wù kí a ká apá aṣọ tó, kì í báni kọ ebè."