Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Tó Bá Mi Dé Ìlúpéjú

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan wà lọ́kàn mi tó kọ̀ tí kò kúrò níbẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dún lápò ẹnikẹ́ni báyìí, ọjọ́ náà ló máa ń padà wá bá mi, ojú á sì tì mí bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé kan ní Agége nígbà náà, lọ́nà Oko Ọba. Yàrá mẹ́jọ tó kọjú síra wọn ni, gbogbo wa sì jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ mi wà ní Ìlúpéjú, nínú ètò kan tó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ sọ́nà. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnu mi mú, wọ́n sì fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n kọ OLÙTỌ́SỌ́NÀ sí lẹ́yìn. Aṣọ yẹn ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kó dé, kí ará ilé lè mọ irú ènìyàn tó wọlé tọ̀ wọ́n wá.

Alhaja, ìyá onílé wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, béèrè ohun tó wà lẹ́yìn mi. Mo ṣàlàyé, àlàyé náà sì gùn díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, ó ti pẹ́ tí ilé náà ti ń wá ẹni tó máa kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Títí di òní n ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Wọ́n wá fi òfin ilé hàn mí. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, orí ìṣó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbé, ẹni tó bá lò ó á dá a padà síbẹ̀. Yàrá tó bá kàn lọ́sẹ̀ ló ń fọ ibẹ̀, òun náà ló sì ń dáhùn fún kọ́kọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ Ìyá Kúdí la wà. Ìyá Kúdí ń ránṣọ ní yàrá tó kọjú sí tèmi, àwọn ló bu ìrẹsì fún mi lọ́jọ́ tí mo dé, nígbà tí n kò tíì ní sítóòfù. Kọ́kọ́rọ́ yìí, ìlàjì sálúbàtà rọ́bà kan ni wọ́n so ó mọ́, ó ti gbó, ó dúdú, ó sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo wò ó, mo sọ lọ́kàn ara mi pé ọ̀làjú ò tíì dé ilé yìí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo jí ṣáájú gbogbo ilé. Sálúbàtà yẹn tutù lọ́wọ́ mi, ó sì ń rùn. Èmi náà bá rántí pé olùtọ́sọ́nà ni mí. Mo fi abẹ gé okùn rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Èrò mi ni pé màá mú páálí aláràbarà kan bọ̀ láti ọ́fíìsì, màá kọ nǹkan gàdàgbà sí i, màá fi ta ilé lọ́rẹ. Kí kọ́kọ́rọ́ náà má bàa sọnù, ẹ gbọ́ o, kí ó má bàa sọnù, mo fi í kọ́ òrùka tí mo fi ń so kọ́kọ́rọ́ tèmi. Mo tilẹ̀ da omi, mo fọ ilẹ̀ ibẹ̀ tí kò kàn mí. Mo ti àgádágodo pa, mo gba Ìlúpéjú lọ, inú mi ń dùn bí ẹni tó ṣe sàráà.

Èmi fúnra mi ni mo yan àkòrí ọjọ́ náà: bí a ṣe ń tọ́jú ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa. Mo ní kí àwọn ọmọ pa fóònù wọn, èmi ni mo kọ́kọ́ pa tèmi. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dùn dé góńgó, mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo ń mì í. Mo ní ẹ wo kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn yìí, bí mo bá gbé e lọ sílé, inú oòrùn ni gbogbo yín á wà. Ráṣídà, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ jórinjórin, nawọ́ sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí tó dípẹtà yẹn ńkọ́? Kí ni ẹ fi ń ṣí?”

Mo wò ó. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Mo tan fóònù mi, àtẹ̀jíṣẹ́ sì wọlé pé Alhaja ti pè mí títí. Mo pè wọ́n padà, ohùn wọn rọlẹ̀, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

“Ọmọ mi, Ìyá Kúdí ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ó tún ń bá wa jiyàn. Wá bá mi tọ́ ọ sọ́nà, iṣẹ́ rẹ ṣáà ni. Bí kò bá jẹ́wọ́, yóò kó jáde nílé mi ni.”

Wọ́n ní Bàbá Láísì, àgbàlagbà tó wà ní yàrá iwájú, ti mu àgbo jẹ̀dí láàárọ̀, wọ́n sì ti lọ sí mọ́ṣáláṣí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kì í sì í ṣe ìrun ni wọ́n lọ kí.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. N ò sọ ọ́. Mo ní mo ń bọ̀, mà. Àwọn ọmọ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ráṣídà béèrè bóyá màá jẹ́wọ́. Mo ní kí ni mo ti ń kọ́ wọn láti àárọ̀.

“Ohun tí ẹ kọ́ wa la fi ń bi yín,” ló wí.

Nígbà tí mo dé ibi gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lórí òrùka. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá jù ú sínú gọ́tà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. N ò ní purọ́ fún yín, mo rò ó, mo sì rò ó pẹ́. Ohun tó dá mi dúró ni awo ìrẹsì Ìyá Kúdí, tó ṣì wà ní yàrá mi tí n kò tíì fọ̀.

Wọ́n ti fi òòlù fọ́ àgádágodo kí n tó wọlé. Gbogbo ilé jókòó sí àgbàlá, Ìyá Kúdí nìkan ló dúró láàárín, ojú wọn pọ́n, wọ́n ń tún un sọ pé orí ìṣó làwọn fi í sí. Wọ́n gbé àga fún mi. Àga, fún èmi. Alhaja ní olùtọ́sọ́nà ti dé, kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo na kọ́kọ́rọ́ síwájú.

“Ẹ dárí jì mí. Ìyá Kúdí ò sọ nǹkan kan nù. Èmi ni mo gbé e lọ.”

Bàbá Láísì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé tàwọn ti bùtà lọ́wọ́, wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹnìkan sọ fún wọn.

“Òótọ́ ni,” ni bàbá wí. “Bí wọ́n bá dì mí lójú báyìí, màá dé mọ́ṣáláṣí.”

Ẹ̀rín bú sáyé. Ìyá Kúdí ò rín. Wọ́n béèrè ibi tí sálúbàtà wà, mo ní mo ti dà á nù.

“Ṣé o rò pé ẹwà la fi so ó? Ẹnìkan ti gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn dé Ìbàdàn rí. A so sálúbàtà mọ́ ọn kó má lè wọ àpò ẹnikẹ́ni mọ́ ni.”

Mo ra àgádágodo tuntun, mo sì fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Mo fọ awo Ìyá Kúdí pẹ̀lú, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí wọ́n tó dáhùn ìkíni mi bí ènìyàn ṣe ń dáhùn, n ò sì bínú, torí wọ́n jàre.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Nígbà tó yá ni Ráṣídà gbé irin pẹlẹbẹ kan wá fún mi, fífẹ̀ rẹ̀ tó ìdérí ìkòkò, ó ti jó òrùka mọ́ ọn lórí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí ò lè wọ àpò.” Òun ló wà lórí ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa di òní yìí. Àwọn àlejò rò pé ife ẹ̀yẹ ni.

Ohun tí mo kọ́ ò pọ̀: bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibìkan, tí o rí ohun burúkú tí wọ́n so mọ́ nǹkan, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó so ó kí o tó mú abẹ. Láràárọ̀ tí mo bá gbé irin yẹn lọ sẹ́yìn ilé, tó ń fa èjìká mi wálẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín ara mi. Èmi olùtọ́sọ́nà.