Òfin Tuntun Lórí Àpótí Irinṣẹ́ Bàbá Olúgbódi

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ìyeyè, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń lọ sóko, kó dúró! Ẹni tó ń fọṣọ, kó fún un! Ẹni tí súkúrúdiráfà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó rọra gbé e sílẹ̀, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè! Agogo yìí kì í ṣe agogo eré. Kábíyèsí Ọlọ́kè ló ní kí n wí!

Ọ̀rọ̀ yìí kan Bàbá Olúgbódi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ Ìyá Mojíire tó ń sin adìyẹ. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Bí fáànù bá pariwo, á tú u. Bí kò bá pariwo, á tú u kó lè mọ ohun tí kò jẹ́ kó pariwo! Bó bá tò ó tán, tí súkúrù ṣẹ́ kù sí i látẹ́lẹwọ́, á ní, "Ẹ̀nì ni. Àwọn tó ṣe é ló fi lé e." Ilé rẹ̀ ni, nǹkan rẹ̀ ni. Ìlú ò bá a wí.

Àfi ìgbà tó kan gbohùngbohùn!

Ìyá Mojíire kì í gbọ́ àlejò lẹ́nu ọ̀nà bó bá wà nídìí adìyẹ. Ọkọ rẹ̀ ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Ó wá gbohùngbohùn ògbólógbòó kan, ó so ó mọ́ òrùlé, ó fa wáyà wọlé. Ẹ̀rọ tí àlejò yóò máa sọ̀rọ̀ sí, ó fi kọ́ ògiri pálọ̀ ná, kó lè dán an wò. Ó pariwo sí i títí, kò dún. Inú bí i, ó lọ jẹun. Wáyà kan ló fì o! Atẹ́gùn fẹ́, wáyà kanra, ẹ̀rọ jí. Kò sẹ́ni tó mọ̀!

Ìgbà náà ni Olóyè Jagun yà kí i. Fáànù tí Bàbá Olúgbódi tún ṣe ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, wọn ò gbọ́ ara wọn, ká má tíì sọ ti òrùlé. Ni Jagun bá figbe ta: "Olùkọ́, ṣé ẹ rò pé irùngbọ̀n Kábíyèsí dúdú ni? Aró ni o! Funfun báláú ni!"

Ọjà gbọ́! Odò gbọ́! Kábíyèsí náà gbọ́, níbi tó ti ń kun aró ọ̀hún lọ́wọ́!

Òfin sì jáde. Ẹ rántí i:

Èkíní: Bàbá Olúgbódi kò gbọdọ̀ tú ohunkóhun mọ́, ìbáà ṣe ìdérí ìgò!

Èkejì: Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n láàfin!

Ẹ̀kẹta: Ẹni tó bá yá a ní súkúrúdiráfà, yóò ru fáànù yí ọjà ká, fáànù náà yóò sì máa yí!

Ẹ̀kẹrin: Olóyè Jagun ni yóò máa po aró Kábíyèsí. Kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín!

Ìyá Mojíire ló kọ́kọ́ dúpẹ́. Ó dúpẹ́ títí ó fi kúnlẹ̀! Àmọ́ ẹ wo ọkọ rẹ̀ lórí àga. Ọwọ́ ń yún un. Ó yí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ títí ó fi já. Ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ wọ ilé ìdáná: "Iná yẹn ti pọ̀ jù." Ó tẹ̀ lé e dé ìdí adìyẹ, ó ń tò wọ́n bí ọmọ iléèwé, kúkúrú níwájú, gíga lẹ́yìn!

Lánàá, Ìyá Mojíire padà sáàfin. "Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àpótí ọkùnrin yìí padà."

Kábíyèsí ní, "Ṣebí ìwọ lo dúpẹ́ nígbà tá a gbà á?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. N ò mọ̀ pé bí kò bá rí fáànù tú, èmi ló máa tú. Láàárọ̀ yìí, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé àlùbọ́sà." Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "Ó máa ń kọrin bó bá ń tú nǹkan. Kò kọrin mọ́. Ilé ti dákẹ́ jù."

Kábíyèsí fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó nù ún mọ́ aṣọ. Ó wá pàṣẹ tuntun. Òun ni mo gbé wá!

Èkíní: Àpótí padà sílé lónìí, Bàbá Olúgbódi sì lè máa tú nǹkan rẹ̀!

Èkejì: Bàbá Olúgbódi kò gbọdọ̀ so nǹkan kan mọ́ òrùlé mọ́! Bó bá rú u, yóò jókòó ti Jagun, yóò gbọ́ ìtàn ogun tí Jagun kò jà, látòkèdélẹ̀!

Ẹ̀kẹta kò sí. Kábíyèsí ní ó tó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nílé wọn ni. Aago ògiri wà lórí tábìlì, ìfun rẹ̀ síta. Bàbá Olúgbódi ń kọrin, orin náà ò sì dùn rárá. Ìyá Mojíire jókòó tì í, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́. Kò sí òfin tó ní kó tàn án.

Ẹnu akéde lẹ ti gbọ́ ọ o, kì í ṣe ti òrùlé! Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó sùn! Kí ilé tòrò, kí ìlú tòrò o!