Iyùn Lé Ayálégbé Jáde

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oregun lánàá, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi iyọ̀ ló jókòó sí. Kazeem, tó ń tọ́jú ẹja inú gíláàsì ní ọ́fíìsì kan, ló gbé e wá. Iyùn ni olùjẹ́jọ́. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ o, iyùn tó ṣì wà láàyè ni, ó funfun bí ẹfun. Ewé Omi ni olùpẹ̀jọ́. Inú ìgò ni òun wà, ó kéré débi pé ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè sùn lórí èékánná kan.

"Baálẹ̀, ẹ gbà mí!" ni Ewé figbe ta. "Inú ara Màmá Iyùn ni èmi àti ẹbí mi ń gbé. Oòrùn la fi ń dáná, a sì ń bu oúnjẹ fún wọn. Ìdọ̀tí ara wọn gan-an, àwa là ń kó o jẹ. Lójijì, wọ́n tì wá síta. Kò sí kúìtì nótíìsì, kò sí nǹkan kan!"

"Ìyá onílé, ṣé òótọ́ ni?"

"Baálẹ̀, kí n tó sọ̀rọ̀, ìyá ìyá mi lẹ so mọ́rùn yẹn."

Baálẹ̀ yára fi agbádá bo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. "Máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ, jàre."

"Ooru mú, wọn ò yéé dáná. Èéfín kún ikùn mi. Mo ní kí wọ́n paná, wọ́n ní oòrùn ò tíì wọ̀! Mo bá lé wọn. Ẹ tiẹ̀ wo àwọ̀ mi, ṣé kò dán?"

"Àwọ̀ wo? Àwa la jẹ́ àwọ̀ yín, Màmá! Ebi ló sọ yín di òyìnbó!"

Nǹkan kùn gbọ́ọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Kí nìyẹn?"

"Ààrá ni, Baálẹ̀," ni Iyùn yára fèsì.

"Nínú ẹ̀ẹ̀rùn?" ni ìjòyè kan bèèrè.

Wọ́n pe Kazeem kó wá jẹ́rìí.

"Ṣé omi inú gíláàsì náà gbóná?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Rárá o, sà. Ó tutù nini."

"Kí ló wá bó ìka ẹ?"

"Omi náà ni, sà. Ẹ̀rọ tó ń mú un tutù ló dákú. Mo ti ń ṣe àdúà fún un."

Baálẹ̀ mirí. "Iyùn, ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?"

Ohùn Iyùn wálẹ̀. "Ọjọ́ tí mo lé wọn."

"Ó máa kú o, sà," ni Kazeem wí.

"Kò ní kú. Iyùn, a gba ipò onílé lọ́wọ́ ẹ. Láti òní lọ, ilé ni ọ́. Mi ò tíì rí ilé tó lé ará inú ẹ̀ jáde rí. Ewé, wọlé, kí o gbé ìkòkò kaná. Kazeem, gba abẹ̀bẹ̀. Ìwọ lo máa máa fẹ́ omi náà títí ẹ̀rọ yóò fi gbọ́ àdúà ẹ."

Ewé bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Iyùn ò janpata.

Àwọn ìjòyè ló fárígá. Onílé ni gbogbo wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń bẹ Baálẹ̀ pé kí ìdájọ́ náà má jáde ní ààfin, ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé tó rọ̀ mọ́ fèrèsé ti ń pàtẹ́wọ́.